Ta Ló Pọn Ọtí Yìí? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Kòkòrò Tíńtín Inú Ọtí Ọkà Àwọn Ará Ṣáínà

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ wa sọ lọ́jọ́ Sátidé nìyí. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ bá rí àtúnwí ẹ forí jì mí, ẹnu ló kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́.)

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín o. Ẹ̀yin màmá tẹ́ ẹ wà níwájú níbẹ̀ yẹn, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn tí àga ò kárí yín, ẹ kú ìdúró, ẹ pẹ̀lẹ́. Alága, mo dúpẹ́.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi, iṣẹ́ àwọn kòkòrò tíńtín tí ojú lásán ò lè rí, mo sì mọ̀ pé tí mo bá fi làbù, ìyẹn yàrá ìwádìí wa, bẹ̀rẹ̀ oorun á gbé yín lọ, ọ̀sán ti pọ́n, ìrẹsì tá a jẹ sì ti ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀ nínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọtí wá. (Ẹ̀rín.) Ẹ má pariwo o, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ tán ná.

Òun rèé lórí tábìlì. Baijiu ni wọ́n ń pè é, bai ni funfun, jiu ni ọtí, ọtí funfun. Ó mọ́ gaara bí omi òjò, ó sì le bí ògógóró, nínú ìgò tẹ́ ẹ ń wò yìí, 53 nínú 100 ló jẹ́ ọtí pọ́nbélé. Nígbà tí Ààrẹ Nixon ti Amẹ́ríkà lọ sí Beijing ní February 1972, irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Moutai ni Zhou Enlai, olórí ìjọba Ṣáínà nígbà náà, gbé fún un, gbogbo ayé sì rí wọn nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe é. Ọkà bàbà yìí náà, ọmọ Áfíríkà ni o, apá Sudan níbẹ̀ yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ó gba India kọjá kó tó dé Ṣáínà. Ẹ wá rí i pé àlejò kọ́ ni lójú wa.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín lónìí. Ta ló pọn ọtí yìí? Ẹ máa sọ pé fáktírì ni. Ẹ máa sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ni. Ẹ dúró ná.

Ọkà ò dùn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀mu torí gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Oje ọ̀pẹ, ṣúgà ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀. Yíìsì, ìyẹn ìwúkàrà tí Bíbélì ń wí, ti ń dúró dè é lára ọ̀pẹ, lẹ́nu akèrègbè, lẹ́sẹ̀ kòkòrò tó ń fò. Ẹlẹ́mu ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tó ti ń hó. Yíìsì jẹ ṣúgà, ó fi ọtí sílẹ̀, ó fi afẹ́fẹ́ tó ń hó yẹn sílẹ̀, ó tán.

Ọkà ńkọ́? Ẹ bu ọkà bàbà sẹ́nu kẹ́ ẹ wò ó bóyá á dùn. Kò ní dùn. Sítáàṣì ló kún inú rẹ̀, irú èyí tá a fi ń ṣe ògì tá a tún fi ń na aṣọ. Sítáàṣì yìí, ṣúgà náà ni o, àmọ́ wọ́n ti sín wọn pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí okùn kan, yíìsì ò sì ní eyín tó lè já okùn yẹn. Yíìsì lè jókòó ti àpò ọkà fún ọdún kan, kí ebi pa á kú.

Báwo làwọn ìyá wa ṣe ń rí i ṣe tí wọ́n bá ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́? Wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á jẹ́ kó hù díẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́. Ẹ̀hù yẹn ló já okùn, torí ọmọ tó fẹ́ hù nílò oúnjẹ. Àwọn tó ń ṣe burukutu lókè Ọya, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe bíà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn ará Ṣáínà ló gba ojú ọ̀nà míì, wọ́n ní kí èbu wá bá àwọn já a.

Mo ní èbu o. Nǹkan tó ń hù bí òwú lára búrẹ́dì tó bá bu. Aspergillus wà nínú wọn, Rhizopus wà nínú wọn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi lọ jẹ búrẹ́dì tó bu nílé, nínú ìdílé Aspergillus yìí kan náà ni èyí tó ń sọ ẹ̀pà di májèlé wà, kì í ṣe gbogbo ọmọ ìdílé ló níwà.) Èbu lè já okùn, àmọ́ kì í ṣe òun ló máa sọ ọ́ di ọtí líle. Yíìsì lè ṣe ọtí, kò lè já okùn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀ ni pé wọn kì í dúró de ara wọn, inú òkìtì ọkà kan náà ni wọ́n jọ wà, bí èbu ṣe ń já a ni yíìsì ń gbé e mì, ṣúgà ò ráyè kóra jọ débi tó máa fún yíìsì lọ́rùn. Òyìnbó tó ń ṣe bíà, ó dìgbà tó bá se ṣúgà tán nínú ìkòkò kan kó tó gbé yíìsì sí i nínú òmíràn.

Bíríkì tó ń gbóná fúnra rẹ̀

Níbo wá ni wọ́n ti ń rí èbu àti yíìsì ọ̀hún? Ṣé wọ́n lọ ń rà á lọ́jà ni? Rárá o. Wọ́n ń pè é wá sílé.

Wọ́n ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní qu, ẹ má wo ẹnu mi, n ò lè pè é bí wọ́n ṣe ń pè é. Àlìkámà ni. Wọ́n á lọ̀ ọ́ láìkúná, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á kó o sínú férémù pákó bíi ti bíríkì alámọ̀, wọ́n á wá gun orí rẹ̀ máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nílùú Maotai, ní ìpínlẹ̀ Guizhou, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Moutai, àwọn obìnrin ló ń tẹ̀ ẹ́ láyé àtijọ́ títí dòní, nígbà ooru wọn, láti àsìkò ọdún oṣù karùn-ún, nígbà tí ooru mú tí gbogbo nǹkan ń hù. Lẹ́yìn náà wọ́n á to bíríkì yẹn sínú yàrá, wọ́n á fi koríko gbígbẹ sáàárín wọn, wọ́n á bò ó, wọ́n á tilẹ̀kùn. Ẹ̀yin màmá tẹ́ ẹ ti ṣe irú tá a fi ń sebẹ̀ rí, mo ti ń rí i tẹ́ ẹ ń mi orí.

Wọ́n lè gún díẹ̀ lára bíríkì àtijọ́ mọ́ ọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ra èbu tàbí yíìsì dà sí i. Àwọn kòkòrò yẹn wá látara àlìkámà fúnra rẹ̀, látara koríko, látara ògiri, látinú afẹ́fẹ́, bóyá látàtẹ́lẹsẹ̀ náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, wọ́n ń mí, wọ́n ń bí sí i, yàrá sì ń gbóná. Kò síná níbẹ̀ o! Ooru ara wọn ni. Ó á tó dígírì 40, á tó 50, tí Moutai á kọjá 60. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á fà á padà kíákíá.

Ooru yìí gan-an ni olórí ọ̀rọ̀ mi lónìí, ẹ fetí sí i. Bó ṣe ń gbóná sí i ni àwọn kan ń kú tí àwọn míì ń gorí oyè. Ilé ayé àjọ oyè. Èbu kọ́kọ́ jẹ, yíìsì jẹ, nígbà tó bá kọjá 60 yíìsì púpọ̀ ti kú dànù, àwọn bakitéríà kan tó ń jẹ́ Bacillus ló kù tó ń ṣe fàájì, torí àwọn yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń ká ara wọn kò bí èso tí iná ò ràn. Bacillus subtilis wà nínú wọn. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń jẹ́ Bacillus subtilis? Òun ló ń ṣe irú fún yín! Òun ló ń jẹ́ kó fà, òun ló ń jẹ́ kó rùn bó ṣe ń rùn. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé látọjọ́ yìí ni.

Iṣẹ́ ọ̀gá tó ń tọ́jú yàrá yẹn, tẹ́ ẹ bá wò ó, kò ju fèrèsé lọ. Ó á ṣí i, á pa á dé. Á yí bíríkì tó wà nísàlẹ̀ sókè, á gbé tòkè sísàlẹ̀. Ní nǹkan bí 40 ọjọ́ á kó o jáde, á tún fi pamọ́ fún nǹkan bí oṣù 6 kó tó lò ó. Ṣùgbọ́n fèrèsé yẹn ló ń yan ẹni tó máa yè. Ní Fenyang, ní ìpínlẹ̀ Shanxi, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Fenjiu, ọkà báálì àti ẹ̀wà píìsì ni wọ́n fi ń ṣe bíríkì tiwọn, wọn kì í sì í jẹ́ kó kọjá nǹkan bí 50, ọtí wọn rọrùn lẹ́nu, ó ń ta sánsán díẹ̀ bí èso. Ti Moutai tó gbóná kọjá 60, òórùn ọbẹ̀ sóyà ló ń mú jáde, ó wúwo bí ohun tí wọ́n yan. Àlìkámà lásán ló bẹ̀rẹ̀ sí, ooru ló sọ ọ́ di nǹkan míì.

Àṣà yìí ti pẹ́. Ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Jia Sixie kọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe qu sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó ní kí ọmọdé kan wọ aṣọ aró, kó lọ pọnmi kí oòrùn tó yọ. Ó ní kí wọ́n fi qu mọ ère ọba márùn-ún, kí wọ́n ka àdúrà sí i lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n sì ti yàrá pa. Àwọn akẹ́gbẹ́ mi kan máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Omi ìdájí tutù, ẹsẹ̀ èèyàn ò tíì rú u. Yàrá tí wọ́n tì, ooru ò ní sá jáde. Àwọn tó ṣe é ò ní maikirosikóòpù, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan wà nínú yàrá yẹn tó yẹ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún, ta ló wá ṣàṣìṣe níbẹ̀?

Òyìnbó tó kọ́kọ́ mú èbu yìí síwájú maikirosikóòpù dáadáa, ọmọ Faransé ni, Albert Calmette. Ó wà ní Saigon, ní Vietnam, níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé ìwádìí Pasteur sílẹ̀ ní 1891, ó mú ìwúkàrà tí àwọn ará Ṣáínà tó ń fi ìrẹsì pọntí níbẹ̀ ń lò, ó sì rí èbu tó ń já okùn sítáàṣì nínú rẹ̀, 1892 ló kọ ọ́ jáde. Ẹ̀yin ìyá, ẹ ká apá aṣọ yín sókè díẹ̀. Àpá kékeré tó wà léjìká yẹn, abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, BCG. B yẹn bacillus, C yẹn Calmette. Òun náà ni o! Òun àti Guérin ló ṣe é, 1921 ni wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ kan ní Paris. Ẹni tó lọ wo èbu inú ọtí ló fi àmì sára gbogbo wa nínú gbọ̀ngàn yìí. (Àtẹ́wọ́.)

Ibi táwọn òṣìṣẹ́ ń gbé

Mo sọ fún yín pé ooru ti pa yíìsì púpọ̀ nínú bíríkì Moutai. Ẹ ò bi mí pé ta ló wá ń ṣe ọtí?

Tí wọ́n bá ti se ọkà bàbà tán, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù, wọ́n á gún bíríkì mọ́ ọn, wọ́n á wá kó o jọ bí òkìtì yanrìn sórí ilẹ̀ gbàgede, ó á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, gbangba báyìí, kò sí ọmọrí. Ibẹ̀ ni yíìsì ti ń wọlé padà, látorí ilẹ̀, látara ṣọ́bìrì, látinú afẹ́fẹ́ ilé yẹn. Òkìtì yẹn náà á gbóná dé nǹkan bí 50. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó kó o sínú kòtò olókùúta, wọ́n á fi amọ̀ dí i lórí, oṣù kan. Wọ́n á hú u jáde, wọ́n á gbé e ka iná kí ooru ọtí dìde kó dà sínú agbada, wọ́n á tún da bíríkì mọ́ èérí tó kù, ó tún di òkìtì, ó tún di kòtò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń da ọkà tuntun, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n ń se é, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló ń wọ kòtò, ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n ń gba ọtí jáde, ọdún kan gbáko, láti ọdún oṣù kẹsàn-án wọn sí òmíràn. Ọtí tó kọ́kọ́ jáde máa ń kan, ti ìkẹyìn máa ń rùn bí ohun tó jóná, àárín ló dùn jù, wọ́n á wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan nínú ìkòkò.

Ní 1975 ìjọba wọn ní kí wọ́n ṣe irú Moutai síbòmíì, torí ti ìlú Maotai ò tó. Wọ́n mú ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zunyi, kò jìnnà púpọ̀, ìpínlẹ̀ kan náà. Wọ́n kó àwọn ọ̀gá iṣẹ́ lọ, wọ́n kó ọkà lọ, wọ́n kó bíríkì lọ, wọ́n kó irinṣẹ́ lọ, àwọn kan tiẹ̀ ní wọ́n gbá eruku fáktírì sínú àpótí kan wọ́n gbé e lọ. Ọdún 10. Ní 1985 àwọn olùtọ́wò jókòó, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n ní ó dáa, ó jọ ọ́ gan-an. Ó jọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ míì, Zhenjiu, ọtí iyebíye, wọ́n ṣì ń tà á dòní.

Èmi ò gbà pé eruku àpótí kan lè tó. Ìlú Maotai wà nísàlẹ̀ àfonífojì lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Chishui, òkè yí i ká, atẹ́gùn ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́, ìgbà ooru ibẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì lómi lára, ó ti ń gba àwọn kòkòrò yìí lálejò tipẹ́tipẹ́. Ẹ lè kó àwọn àlejò lọ, ẹ ò lè di àfonífojì mọ́ ẹrù.

Ẹ má rẹ́rìn-ín sí wọn. Ìyá ìyá mi ń ṣe irú tà. Nígbà tá a kó kúrò nílé àtijọ́ lọ sílé tuntun, símẹ́ǹtì mọ́, gbogbo nǹkan ń dán, ìkòkò méjì àkọ́kọ́ ò fà, wọ́n gbẹ gidi, kò sẹ́ni tó rà á lọ́wọ́ wọn. Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n padà lọ sílé àtijọ́ lọ gbé igbá ńlá kan tá a ti pa tì àti àpò ìdọ̀họ méjì tó ti dúdú. Èmi ọmọ ilé ìwé ni mo fẹ́ fi ọṣẹ fọ igbá yẹn, ìfọ́tí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, ó dà bíi pé ó ṣì ń dún létí mi.

Ẹrẹ̀ ọdún 1573

Èyí tó kù kò gùn. Ní Luzhou, ní ìpínlẹ̀ Sichuan, inú kòtò ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe tiwọn, ògiri kòtò náà, ẹrẹ̀ ni. Mẹ́rin wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń lò láti 1573 láìdáwọ́ dúró, ìjọba wọn kà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1996. Tiwa ńkọ́ ní 1573? Ìjọba Ọ̀yọ́ ti wà nígbà yẹn.

Inú ẹrẹ̀ yẹn, níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, àwọn bakitéríà kan ń gbé tí wọ́n ń pè ní Clostridium. Ọtí máa ń sun sínú ẹrẹ̀ láti inú ọkà, àwọn yẹn á jẹ nínú rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì kan tó ń rùn bí òbúkọ. Bí òbúkọ o! Tí ásíìdì òbúkọ yìí bá wá pàdé ọtí, tí wọ́n fẹ́ ara wọn, ọmọ tí wọ́n bí, òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló ń ta. Òórùn yẹn ló ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé ọtí ará Sichuan nìyí kó tó gbé e sẹ́nu.

Kòtò tuntun ò lè ṣe é. Ẹrẹ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú ni, ó á tó 20 ọdún, 30 ọdún, kó tó dúdú kó tó gbó. Tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ lófìfo, ó á gbẹ, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ á kú. Torí ẹ̀ ni wọn kì í fi í jẹ́ kí ebi pa á. Nígbà gbogbo, èérí ọkà àtijọ́ ni wọ́n ń da tuntun mọ́, kì í tán pátápátá, wọ́n ní òwe kan níbẹ̀ pé kòtò ẹgbẹ̀rún ọdún, èérí ẹgbàárùn-ún ọdún.

Ṣé wọn ò wá ọ̀nà kúkúrú ni? Wọ́n wá a. Láàárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí oúnjẹ ṣọ̀wọ́n, wọ́n gbin irú èbu kan ṣoṣo sórí èérí àlìkámà nínú làbù, irú yíìsì kan ṣoṣo, wọ́n fi ń pọntí. Ó yá, ọkà tí ó ń jẹ kéré, ọtí tó ń jáde pọ̀. Ó kàn jẹ́ pé òórùn rẹ̀ ò ní ìtàn kankan nínú. Wọ́n ṣì ń ṣe irú rẹ̀ fún ẹni tí owó ò tó lọ́wọ́ ẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba òṣìṣẹ́ méjì péré ò gbọ́dọ̀ retí iṣẹ́ ìlú kan odidi.

Mo rí ọwọ́ kan lókè. Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀rọ̀. (Wọ́n béèrè bóyá a lè ṣe é níbí, níwọ̀n bí ọkà bàbà ti jẹ́ tiwa.)

Ẹ ṣé sà. A lè ṣe ọtí ọkà bàbà níbí, á sì dáa, àmọ́ Moutai kọ́ ló máa jẹ́. Bíríkì tí ẹ bá tẹ̀ níbí, àwọn ará ibí ló máa wọ inú rẹ̀. Ohun tí mo máa fẹ́ mọ̀ ni pé kí ni tiwọn máa rùn bí, mi ò tíì rí ẹni tó gbìyànjú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ pè mí.

Ó yá, mo ti ṣí i. Ife kékeré ni wọ́n fi ń mu ún, bíi ti èyí tí wọ́n fi ń wọn oògùn ọmọdé, ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ ná, ẹ má sáré gbé e mì. Ẹni tó bá máa wakọ̀ lọ sílé, òórùn nìkan ni tiẹ̀ o, mo ti rí yín, bọ̀dá, ẹ gbé ife yẹn sílẹ̀.